Ìperí Kẹ̀kẹ́ Gígun Ojú Pópó fún Obìnrin Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

1. Ìfáàrà

Láti ọdún 1970, nígbà tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní abẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ni ó ti hàn gbangba pé kò sí ìmọ̀ tí a kò lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ, bí a bá ti wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún un. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni a ti ṣe láti ìgbà náà lórí ìperí ẹ̀kọ́ èdè, ti ìṣirò àti ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í sábà gba irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀, nítorí èrò àwọn ènìyàn ni pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kò tún nílò orúkọ mìíràn. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìbà ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí ó wà ní agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí olùkọ́ kan níbẹ̀ bá fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin ní kẹ̀kẹ́ gígun, ọ̀rọ̀ tí yóò bá lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe: síìtì, búrékì, pẹ́dà, ṣéènì, gíà. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó fún àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè wà ní iwájú wọn, wọ́n sì lè fi ìka tọ́ka sí i. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ ti ń yí lọ, ojú rẹ̀ wà ní ọ̀nà, etí nìkan ni ó kù tí ó lè fi gba ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ pè bá ní ìtumọ̀ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ lè mú èyí tí kò yẹ, kí ó sì ṣubú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìperí ní ibi yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè lásán. Ohun ààbò ni.

2. Orúkọ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀

Ohùn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, ni ohun tí ń yí. Kẹ́kẹ́, tí ó ní ohùn òkè méjì, ni irú ilà ojú kan. Bákan náà ni gígun, tí a fà yọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe gun, yàtọ̀ sí gígùn, tí ó jẹ mọ́ bí nǹkan ti gùn tó. Bí òǹkọ̀wé bá kọ “kẹ̀kẹ́ gígùn” nígbà tí ó ní “kẹ̀kẹ́ gígun” lọ́kàn, kẹ̀kẹ́ tí ó gùn ni ó ń sọ fún òǹkàwé. Olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè gbọ́dọ̀ ṣọ́ àmì ohùn wọ̀nyí gidigidi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá gbà sọ ohun èlò yìí lórúkọ. Èkíní ni kẹ̀kẹ́, tí ó jẹ́ fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èkejì ni básíkùlù, tí ó jẹ́ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ ológeere, tí ó jẹ́ ìṣẹ̀dá láti inú ìrísí àti ìrìn ohun náà: ohun tí ń yí geere lọ láìsí ariwo. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, èyí tí a ń pè ní Márúwá ní ìrántí Buba Marwa tí ó ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, tí ó sì tún gba orúkọ kẹ̀kẹ́ NAPEP lẹ́yìn tí ìjọba dá ètò NAPEP sílẹ̀ ní 2001, ọ̀rọ̀ náà kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣípò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lónìí, bí ènìyàn bá pe kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń gba ìtumọ̀ náà là. Èrò ọkọ̀ a máa wọ kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ a máa wa kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ń gbé e lọ ni ó ń gùn ún, bí ẹni pé ẹṣin ni. Nítorí náà, “Àdùkẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkìrun” àti “Àdùkẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkìrun” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, ohun tí ó dára jù ni kí a lo kẹ̀kẹ́ ológeere ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá dárúkọ rẹ̀, kí a sì máa lo kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú gun lẹ́yìn náà.

A tún gbọ́dọ̀ ya oríṣi kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni èyí tí ó wúwo, tí férémù rẹ̀ nípọn, tí ó sì ní káríà ní ẹ̀yìn. Òun ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò mọ̀ jù lọ. Kẹ̀kẹ́ òkè ni èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì ní ìkankan, fún ọ̀nà oko àti orí òkúta. Kẹ̀kẹ́ ojú pópó ni èyí tí ó fúyẹ́, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń tẹ̀ kọdọrọ sí ìsàlẹ̀, fún ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi èyíkéyìí nínú wọn kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rò pé bákan náà ni wọn yóò ṣe gbé òun.

3. Obìnrin àti kẹ̀kẹ́

Irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn, gba ìrísí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885 láti ọwọ́ John Kemp Starley. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ fún táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ohun méjì yìí ni ó sọ kẹ̀kẹ́ di ohun tí obìnrin lè gùn láìsí ewu ńlá. Ní 1894 sí 1895, Annie Londonderry láti Amẹ́ríkà mú kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò yí ayé ká, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní ibi tí òkun bá wà. Frances Willard, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti lé ní ẹni 50 ọdún kí ó tó kọ́ kẹ̀kẹ́ gígun. Ó sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní orúkọ, ó pè é ní Gladys, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1895 lórí bí ó ti kọ́ ọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ fi hàn pé àgbà kò ní kí ènìyàn má kọ́ ohun tuntun.

Ìdíje ni ó pẹ́ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin ti díje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ní Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ ní 1896. Ti àwọn obìnrin kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1984 ní Los Angeles, níbi tí Connie Carpenter-Phinney ti gba ipò kìíní. Kí ó tó di ìgbà náà, ìdíje àgbáyé ojú pópó fún obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1958 ní ìlú Reims ní ilẹ̀ Faransé. Elsy Jacobs láti Luxembourg ni ó borí. Ní Áfíríkà, Mosana Debesay láti Eritrea kópa ní Òlíḿpíìkì Tokyo tí a ṣe ní 2021. Ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye láti Nàìjíríà díje ní ojú pópó àti ní pápá kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí ó yá lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì ni ó fi díje ní pápá náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ni ìdíje àgbáyé ojú pópó wá sí Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali ní ilẹ̀ Rwanda.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ipò tí a sábà bá obìnrin lórí kẹ̀kẹ́ ni orí káríà, ní ẹ̀yìn ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdí kan hàn nínú ìrísí kẹ̀kẹ́ ẹrù: ọ̀pá òkè dábùú férémù rẹ̀ láti ìdí gàárì dé ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó ró ìró kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá ọ̀pá yìí láìtú ìró rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìlọ́pàá-òkè, tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ni a ṣe láti yanjú èyí. Àwọn kan máa ń pè é ní “kẹ̀kẹ́ obìnrin”, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò dára fún ìperí, nítorí pé ó ń sọ ẹni tí ó yẹ kí ó gùn ún dípò kí ó sọ bí ó ti rí. Obìnrin tí ó wọ ṣòkòtò lè gun férémù ọlọ́pàá-òkè; arúgbó ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé sókè mọ́ sì lè yan aláìlọ́pàá-òkè.

4. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

4.1 Gàárì tàbí ìjókòó? Ìjókòó gbòòrò jù. Àga ní ìjókòó, ọkọ̀ ní ìjókòó. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó jókòó yóò gbé gbogbo ara lé ìdí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ara ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ pín sí ibi mẹ́ta: ìdí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Gàárì ẹṣin ni ó bá èyí mu, nítorí pé ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun náà ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, gàárì ni ó yẹ.

4.2 Ìjánu. Búrékì ni àyálò tí ó gbilẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ní ẹnu. Ibi tí ewu wà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń tẹ̀lé e. Nínú ọkọ̀, a máa ń “tẹ búrékì”, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí olùkọ́ bá kígbe “Tẹ búrékì!” sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sáré bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ ni pẹ́dà, pẹ́dà yóò sì tún mú kí eré náà le sí i. “Fún búrékì” kò dára tó, nítorí pé fún tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí tí ó dára jù ni “Fa ìjánu!” Ọwọ́ ni a fi ń fa ìjánu ẹṣin, kò sí Yorùbá tí yóò fi ẹsẹ̀ fà á. Àṣẹ náà kúrú, ó sì sọ ẹ̀yà ara tí yóò ṣiṣẹ́.

4.3 Gíà. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ a máa sọ pé “gíà kékeré” àti “gíà ńlá”. Lórí kẹ̀kẹ́, èyí ń da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú, nítorí pé gíà tí ó rọrùn fún òkè ni ó ń lo eléyín ẹ̀yìn tí ó tóbi jù. Bí a bá sọ pé “mú gíà kékeré”, ojú akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sí eléyín tí ó kéré, èyí tí ó le jù lọ. Dípò èyí, ẹ jẹ́ kí a lo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: gíà ìgòkè àti gíà ìsáré.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí eléyín iwájú bá ní eyín 34, tí eléyín ẹ̀yìn sì ní 17, nígbà tí pẹ́dà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò yí po lẹ́ẹ̀mejì. Bí àyíká táyà bá jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.1, kẹ̀kẹ́ yóò rin mítà 4.2. Bí eléyín ẹ̀yìn bá ní eyín 34, mítà 2.1 péré ni yóò rìn, ṣùgbọ́n agbára tí ẹsẹ̀ yóò lò fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dín sí ìdajì. Ìyípo pẹ́dà láàárín ìṣẹ́jú kan ni a lè pè ní ìyára ẹsẹ̀. Ẹni tí ìyára ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 70 lórí gíà 34 sí 17 yóò máa rin nǹkan bíi kìlómítà 17.6 ní wákàtí kan. Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yí ẹsẹ̀ kíákíá lórí gíà tí ó rọrùn ju kí ó máa fi ipá tẹ èyí tí ó le, nítorí pé orúnkún ni ó ń jìyà èyí kejì.

5. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbámu kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ara. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì kí ọ̀pá òkè má kan abẹ́ rẹ̀. Ti gàárì, gíga méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Gíga ìkọ́ṣẹ́ ni èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi lè tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn wà lórí gàárì. Gíga ìrìn ni èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ti mọ̀ ọ́n gùn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì nà tán, nígbà tí ó bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún rẹ̀ yóò tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò kúrò ní gíga ìkọ́ṣẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Egungun ìjókòó méjì ni ó yẹ kí ó gbé ara lórí gàárì. Ní gbogbogbòò, àlàfo tí ó wà láàárín egungun méjì yìí fẹ̀ jù lára obìnrin ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà gàárì tí ó bá ọkùnrin mu lè tín-ín-rín jù fún obìnrin. Bí abẹ́ bá ń kú tàbí tí ó ń ro ènìyàn, kì í ṣe ohun tí a ń fara dà. Kí a yí gàárì padà tàbí kí a tún un gbé ni. Bákan náà, ìka obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ lè dé ọ̀pá ìjánu láìnà. Ìdè kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìjánu tí a fi ń fà á súnmọ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdúró-déédéé. Kí a tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, kí a gbé gàárì sí gíga ìkọ́ṣẹ́, kí a sì wá ilẹ̀ tí ó tẹ́ tàbí tí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bíi pápá ilé-ìwé ní ọjọ́ ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ilẹ̀. Iwájú ni kí ó wò. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń wó sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ni kí ó darí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè padà wá sí abẹ́ ara. Ìgbà tí ó bá lè yí geere fún ìwọ̀n bíi mítà 20 láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni kí a dá pẹ́dà padà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ìjánu ni ẹ̀kọ́ kẹta. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, ìwúwo ara a máa bọ́ sí iwájú. Nítorí náà ìjánu iwájú ni ó lágbára jù láti dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á lójijì, ó lè gbé ènìyàn sọ sí iwájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fa méjèèjì pọ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí ó sì ti ìdí sẹ́yìn díẹ̀ lórí gàárì. Kí ó kọ́kọ́ wò èwo ni ọwọ́ ọ̀tún ń fà àti èwo ni ti òsì, nítorí pé gbogbo kẹ̀kẹ́ kò rí bákan náà.

6. Ojú pópó

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń rìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni kẹ̀kẹ́ yóò rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní bèbè ọ̀nà gan-an níbi tí yanrìn àti ẹ̀fọ́ ìgò wà. Ẹni tí ó bá rọ̀ mọ́ bèbè jù yóò di ẹni tí ń já wọ inú ọ̀nà lójijì nígbà tí ó bá bá kòtò pàdé, awakọ̀ tí ó wà lẹ́yìn kò sì ní mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ó rìn ní ìlà tààrà tí awakọ̀ lè rí, kí ó bojú wẹ̀yìn kí ó tó yà, kí ó sì na ọwọ́ sí ibi tí ó ń lọ.

Fún ẹni tí ó ń gbé ní Ìbà, ọ̀nà tí ó lọ sí àwọn ìlú tí ó yí i ká dára fún ìdánrawò, bí a bá yan àárọ̀ kùtùkùtù, tí oòrùn kò tíì mú, tí ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ rìn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ó sì máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa bo ojú ọ̀nà; iná funfun ní iwájú àti iná pupa ní ẹ̀yìn ṣe pàtàkì ní ìgbà náà, ní ọ̀sán pàápàá.

Ní ti aṣọ, ohun tí ó ṣe kókó ni kí nǹkankan má ṣe fẹ́ lẹ̀lẹ̀ súnmọ́ ṣéènì tàbí súpóòkù. Ìró àti búùbá gbígbòòrò kò yẹ, ṣùgbọ́n ṣòkòtò lábẹ́ ẹ̀wù tí kò gùn ju orúnkún lọ yóò bo ara, kò sì ní dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń bo orí lè fi ìborí pẹlẹbẹ sí abẹ́ akoto, kí ó má sì so ó ní kókó, kí akoto lè jókòó dáadáa.

Kò yẹ kí obìnrin dúró de ẹlòmíràn kí ó tó lè lẹ táyà tí ó jò. Kí ó mọ bí a ti ń yọ tíúbù, bí a ti ń wá ojú ihò rẹ̀ nínú omi, àti bí a ti ń fi súlúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó mọ orúkọ ohun tí ó bàjẹ́ kì í ṣe ẹni tí oníṣẹ́ lè tàn jẹ.

7. Àkójọ àwọn ìperí

Kẹ̀kẹ́ ológeere: ohun ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.
Kẹ̀kẹ́ ojú pópó: kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ tí a ṣe fún ọ̀nà ọlọ́dà.
Férémù: egungun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́.
Ọ̀pá òkè: ọ̀pá férémù tí ó dábùú láti gàárì sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.
Ọwọ́ kẹ̀kẹ́: irin tí a fi ń darí kẹ̀kẹ́.
Gàárì: ibi tí egungun ìjókòó sinmi lé.
Gíga ìkọ́ṣẹ́, gíga ìrìn: ìwọ̀n gàárì méjì, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n gùn.
Ìjánu: ohun tí a ń fi ọwọ́ fà láti dá kẹ̀kẹ́ dúró.
Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́: táyà, tíúbù, ríìmù àti súpóòkù lápapọ̀.
Pẹ́dà: ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀. A kò pè é ní “ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́”, kí ó má bàa da èyí tí ó ṣáájú rú.
Ṣéènì: àyálò tí ó ti jókòó, ẹ̀wọ̀n tún ní ìtumọ̀ mìíràn.
Eléyín iwájú, eléyín ẹ̀yìn: irin roboto oníhò eyín tí ṣéènì ń gbá mú.
Gíà ìgòkè, gíà ìsáré: gíà tí ó rọrùn fún òkè, àti èyí tí a fi ń sáré ní ilẹ̀ títẹ́jú.
Ìyára ẹsẹ̀: iye ìgbà tí pẹ́dà yí po ní ìṣẹ́jú kan.
Akoto: ìbòrí líle tí ó ń dáàbò bo orí.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé kì í ṣe gbogbo àyálò ni ó yẹ kí a lé jáde. Pẹ́dà, ṣéènì àti férémù ń ṣe iṣẹ́ wọn láìsí ìdàrúdàpọ̀. Ibi tí ó yẹ kí a ti dá sí i ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣìṣe: gàárì, ìjánu, gíà, àti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń bá wọn lọ. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá ìperí kan dára ni kí olùkọ́ pè é sókè, kí a sì wo ohun tí ara akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Bí ọwọ́ bá fa ohun tí ó yẹ kí ó fà, tí kẹ̀kẹ́ sì dúró, ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.